Wàrà Tí Kò Fojú Kan Iná

Ọ̀sán gangan ni mo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi ní Ìkàrẹ́ níbí. Bí mo bá ti ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin Fúlàní tí ń kiri wàrà bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, kíá ni mo máa ń fi aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, màá wọ yàrá, màá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì títí wọn yóò fi kọjá. Àwọn ọmọbìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rò pé èmi àti ọ̀kan nínú àwọn oníwàrà náà jọ jà ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jà o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Wàrà ni ó wọ àárín èmi àti ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi, tí ó sì là wá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí mo bá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn yóò sọ ọ́ di kókó àdúrà, oníkálukú yóò sì gbé e délé. Bí mo bá sì gbé e mì, ó fẹ́ pa mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sílẹ̀ kí n sọ ọ́ fún yín bí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú mi báyìí, n kò sì mọ èyí tí ó yẹ kí n tọ̀.

Ọmọ Ìwàrò-Ọ̀kà ni mí, Ìkàrẹ́ ni mo lọ́kọ sí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí wọ́n tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ. Ọkọ mi kú nígbà tí Mojísọ́lá ọmọ wa ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, láti ìgbà náà sì ni ó ti jẹ́ èmi àti ẹ̀ nìkan. Àdúrà wa, ẹkún wa, ẹ̀rín wa, a jọ ń ṣe é ni. Ohun tí Mojí fẹ́ràn jù láyé ni wàrà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n dín o, èyí tó ṣì gbóná nínú omi rẹ̀ ni. Obìnrin Fúlàní kan wà tí à ń pè ní Ìyá Háwáù, gáà wọn kò jìnnà sí ọ̀nà Ọ̀bà. Bí a bá lọ kí ìyá mi ní Ọ̀kà, tí a yà lọ́dọ̀ rẹ̀, Mojí a dúró ti ìkòkò, a máa wò ó bí ó ti ń se wàrà lórí iná igi, tí ó ń da omi ewé bomubomu sí i títí tí yóò fi dì. Ìyá Háwáù a ní, “Ọmọ Ìkàrẹ́, mo ti rí ìyàwó fún ọmọ mi o. Wàrà ni a óò fi san owó orí rẹ!” Mojí a ní, “Ẹ gbé ti òní wá ná, kí n fi mọ̀ bóyá mo gbà.” Ẹ̀rín a pa gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ yé yín dáadáa: ní ilẹ̀ wa, ohun tí a fún lára ọmú màlúù, wàrà ni à ń pè é, èyí tó dì nínú ìkòkò, wàrà náà ni. Orúkọ kan ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Èyí tó dì kò sì lè dì láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ hó lórí iná. N kò rí òmíràn rí láti ìgbà tí ìyá mi ti bí mi.

Mojí kàwé débi tí èmi kò dé. Ó fẹ́ Dáyọ̀, ọmọ Epinmi, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè, wọ́n sì jọ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ dára, ilé dára, ṣùgbọ́n ọmọ kò dé. Ìyá Dáyọ̀ a máa pè mí láti Epinmi: “Àna mi, ṣé ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan?” Kí ni kí n gbọ́? Mò ń gbààwẹ̀, mò ń kúnlẹ̀ títí awọ eékún mi fi yi. Ọjọ́ tí Ọlọ́run máa dáhùn, Dáyọ̀ ni ó pè, tẹkún-tẹ̀rín ni ó fi ń sọ̀rọ̀: “Mọ́mì, Mojí ti lóyún.” Háà! Mo jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ká. Ṣùgbọ́n oyún náà ò fara mọ́ ọn. Ohun tó bá jẹ, bíbì ni. Ìgbà tó ṣe, wọ́n ṣètò kí n wá dúró tì í.

Ìgbà tí mo dé ọ̀hún, tí mo rí ọmọ mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a mọ̀. Ikùn ti yọ, ṣùgbọ́n eegun ọrùn náà ti yọ. Mo se ọbẹ̀, ó ní òórùn rẹ̀ ń lé òun. Mo gún iyán, ó wò ó, ó yíjú. “Mọ́mì, wàrà,” ó wí. “Wàrà nìkan ni ọkàn mi ń fà sí. Ṣé ẹ ò mú un wá ni?” Mo mú un wá o! Mo dín in gbẹ, mo wé e sínú aṣọ, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè gbà á lọ́wọ́ mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n jù ú sínú garawa ìdọ̀tí lójú mi. Bí mo ṣe ń ròyìn rẹ̀ fún un, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, “Nọ́ọ̀sì tilẹ̀ ní n kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan wàrà tí wọn ò sè.” Mo ní, “Ta ló ń jẹ wàrà tí wọn ò sè? Ṣé ọmọ màlúù ni ọ́?” Ni a bá rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó rín lójú mi láti ìgbà tí mo ti dé nìyẹn. Ohun tí mo rò ni pé kó má mu ún láti ọmú màlúù tààrà, bí àwọn ọmọ darandaran ti ń ṣe. Ohun tí òun náà rò nìyẹn. Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti se ọgbọ́n fún àwa méjèèjì.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí wá wàrà kiri ìlú òyìnbó. Dáyọ̀ á gbé mi lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ńlá, a óò dúró níwájú pẹpẹ kan tó gùn bíi òpópó, wàrà oríṣiríṣi ni ó kún un. Mo ní Jésù ṣeun, wàhálà ti tán. Àṣé ojú lásán ni! Ọ̀kan pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọṣẹ ìfọṣọ, adùn rẹ̀ kò sì ju ti ọṣẹ lọ. Ọ̀kan ń fà bí rọ́bà bàtà. Ọ̀kan, iyọ̀ inú rẹ̀ tó pa ìgbín. Òmíràn ti bu, ewú aláwọ̀ ewéko ti hù sí i lára, síbẹ̀ wọ́n dì í sínú ọ̀rá tó ń dán. Dáyọ̀ ní, “Mọ́mì, bó ṣe bu yẹn ló ṣe gbayì o.” Mo ní, “Dá a padà síbẹ̀, jọ̀wọ́. N kò ní fi ọwọ́ ara mi gbé àìsàn wọlé.” Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Mo ní kí n kúkú ṣe é fúnra mi. Mo ra wàrà olómi inú ike, mo gbé e kaná, ó hó. Ṣùgbọ́n níbo ni mo ti fẹ́ rí ewé bomubomu nínú òtútù yẹn? Mo fún ọsàn kíkan sí i. Ó já sí wẹ́wẹ́ bí èérún búrẹ́dì, ó kan gógó. Mojí fi sẹ́nu, ó sáré lọ tu ú. Èyí tó fojú kan iná, tí mo se lójú ara mi, òun ni ọmọ mi kọ̀. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀!

Ní Sátidé kan, èmi àti Dáyọ̀ lọ sí ọjà kan tí wọ́n ń ná ní gbangba, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti máa ń kó irè oko wá. Inú mi dùn, ó jọ ọjà wa díẹ̀. Dáyọ̀ yà lọ ra ẹ̀fọ́, èmi sì ń bá tèmi lọ, àfi bí mo ṣe kan bàbá òyìnbó kan tó tẹ́ wàrà sórí tábìlì. Funfun báláú ni, ó rí roboto, omi ṣì ń ṣe é lára. Ó gé díẹ̀ sórí ọ̀bẹ, ó nà án sí mi, ó ń pè mí ní “lọ́ọ̀fù”, olùfẹ́ rẹ̀ ni o, ọkùnrin tí kò mọ̀ mí rí! Mo fi sẹ́nu. Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò parọ́, wàrà ilé tí ọmọ mi ń wá ni mo bá pàdé. Ó ní ọ̀rá, ó dùn, ó ní òórùn màlúù àti koríko lábẹ́lẹ̀ bí èyí tí Ìyá Háwáù ń gbé sọ̀ kalẹ̀. Bàbá náà ń ṣàlàyé, ó ń yára, imú ni ó fi ń sọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí páálí kan tí wọ́n kọ nǹkan sí. Ọ̀rọ̀ kan tí ó ń tẹnu mọ́ dún ní etí mi bí “rọ̀, rọ̀”. Mo fi ìka tẹ wàrà náà, ó rọ̀ lóòótọ́, mo sì mi orí pé mo ti gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá ń sọ, Yorùbá ni etí mi ń gbọ́. Tútù tí iná kò kàn, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “raw”, ni ó ń wí. Kò jẹ̀bi kankan, ó kìlọ̀ fún mi. Ó fi bébà funfun wé e fún mi, mo gbé e mọ́ra bí ọmọ tuntun.

Nígbà tí a délé, Mojí ti dìde jókòó lórí àga kí n tó tú bébà náà. Ó wò ó, itọ́ rìn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Ṣé wọ́n sè é, Mọ́mì?” Mo ní, “Wọ́n sè é kẹ̀! Wàrà wo ni kì í fojú kan iná?” Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn, kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dín in, ṣùgbọ́n bí mo ti sọ ègé kan sínú òróró, ó yọ́ dànù bí òrí inú oòrùn. Ẹnu yà mí, nítorí wàrà tiwa kì í yọ́, ńṣe ló máa ń le sí i. Ó yẹ kí ìyẹn ti pe orí mi wálé. Mo ní wàrà òyìnbó ni, ara wọn ò le. Mo gbé èyí tó kù fún un bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ata gígún, ó sì jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́, kò bì í. Dáyọ̀ yọ ojú láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, “Mọ́mì, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ dókítà o!” Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni mò ń lọ bá bàbá oníwàrà nígbà tí Dáyọ̀ bá ń ra ẹ̀fọ́. Ara ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí padà bọ̀ sípò. Èmi náà ń jẹ níbẹ̀, ẹ̀fọ́rí lásán kò ṣe mí.

Oyún ti wọ oṣù tí gbogbo ènìyàn fi ń pèsè aṣọ ọmọ nígbà tí ara Mojí gbóná. Ó ní gbogbo oríkèé ń ro òun. Mo ní ibà ni, mò ń fi aṣọ tútù nu ara rẹ̀, mò ń gbàdúrà. Mo gbàgbé pé ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í gbé ibà kiri. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó fi ọwọ́ lé ikùn, ó wò mí, ó ní, “Mọ́mì, kò yí mọ́.” Dáyọ̀ wà ní ibi iṣẹ́. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ni ó wá gbé wa.

Dókítà obìnrin kan ni ó dúró tì wá. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yára fún mi, nítorí náà Mojí tí ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì ni ó ń túmọ̀ fún mi. Ó ní, “Mọ́mì, wọ́n ń béèrè bóyá mo jẹ wàrà tí wọn ò sè. Mo ní rárá, pé ẹ̀yin lẹ rà á, wọ́n sè é. Wọ́n ní kí n bi yín, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọ́n sè é?” Mo ní, “Gbogbo wàrà ni wọ́n ń sè.” Ọmọ mi sọ ọ́ fún wọn. Mo rí i tí ojú dókítà yí padà. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ Mojí mú, ó sọ̀rọ̀ pẹ́, Mojí sì ń wò ó, kò túmọ̀ nǹkan kan fún mi mọ́. Mo ní, “Kí ni wọ́n wí?” Mo tún béèrè. Ó ní, “Wọ́n ní níbí, wọ́n máa ń ṣe òmíràn tí wọn kì í sè.” Lẹ́yìn náà ni Dáyọ̀ ṣàlàyé fún mi pé kòkòrò kan tí ojú kò rí máa ń wà nínú irú wàrà bẹ́ẹ̀, pé ó lè kọjá lára ẹlòmíràn láìṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ó bá wọ ara aláboyún, ọmọ inú ni ó máa ń wá lọ. Wọ́n fún Mojí ní oògùn tó bá a mu, ó sì yè. Ọmọ kò yè.

Obìnrin ni. Wọ́n wé e, wọ́n gbé e fún mi gbé. Kò sí ohun tí kò pé lára rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà, èmi ni mo sì wà lọ́jà! Mo gbé e lọ bá ìyá rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Mojí, dárí jì mí, n kò mọ̀.” Kò pariwo. Ìbá ṣe pé ó pariwo, ìbá ṣe pé ó bú mi, ì bá sàn. Ó kọ ojú sí ògiri, ó ní, “Mo bi yín, mà.” Ó tán. Láti kékeré rẹ̀, Mọ́mì ni ó ń pè mí. Láti ọjọ́ náà, “mà” ni, bí ẹni ń dá ìyá ọ̀rẹ́ lóhùn. Mò ń se oúnjẹ, kò jẹ ẹ́. Ife tí mo bá fọ̀, á tún un fọ̀ kó tó bu omi sí i. Dáyọ̀ ń bẹ̀ ẹ́, ó ń bẹ̀ mí, títí ó fi ní bóyá kí n lọ sinmi nílé ná. Mo mọ ohun tí “lọ sinmi” túmọ̀ sí.

Bí mo ti dé Ìkàrẹ́, ìyá Dáyọ̀ pè láti Epinmi. “Àna mi, ẹ kú oúnjẹ o. Wọ́n ní ẹ se àsè fún ọmọ wa.” Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, àna mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.” Ó ní, “Mi ò sọ nǹkan kan. Ọlọ́run tó rí ohun tó wà nínú àwo ni yóò sọ̀rọ̀.” Ṣé ẹ gbọ́ irú ẹ̀sùn tó fi kàn mí? Pé èmi, èmi tí mo gbààwẹ̀ lórí oyún yẹn, ni mo fi ọwọ́ ara mi pa á! Mo lọ bá Ìyá Háwáù ní gáà wọn lọ́jọ́ kan, mo bi í bóyá ó mọ wàrà dídì tí wọn kì í sè. Ó wò mí bíi pé orí mi dà rú, ó ní, “Báwo ló ṣe máa dì? Ta ló máa jẹ ẹ́?” Ó yẹ kí ó tù mí nínú pé òun oníwàrà pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Kò tù mí. Láti ìgbà yẹn ni n kò ti lè fojú kan oníwàrà mọ́.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń lọ bá ọmọ lẹ́yìn odi, ẹ má fi ọgbọ́n ilé yín dáhùn ìbéèrè ọ̀nà o. Bí ọmọ bá bi yín ní ohun tí ẹ rò pé gbogbo ayé mọ̀, ẹ ní kó fúnra rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ilẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. “Mi ò mọ̀” kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Ohun tó wá gbé mi dé iwájú yín nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Dáyọ̀ pè mí ní kọ̀rọ̀. Ó ní Mojí tún ti lóyún, ó sì tún ti ń bì. Ó ní ìyá òun ń múra àtiwá láti Epinmi, ṣùgbọ́n Mojí kò fẹ́ ẹ, kò fẹ́ ẹnikẹ́ni, àárẹ̀ sì ti mú òun náà. “Mọ́mì, ẹ wá. Bó bá rí yín, inú rẹ̀ á rọ̀.” Mo kúnlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà títí, kí n tó ní ìgboyà pe ọmọ tí mo bí.

Mo ní, “Mojí.”

Ó ní, “Mà.”

“Dáyọ̀ sọ fún mi.”

Ó ní, “Ẹ má wá o, mà. Ẹ máa bá mi gbàdúrà níbẹ̀.”

Mo ní mo ti gbọ́. N kò sunkún sí i létí. Mò ń wá bí n óò ṣe dágbére, ni mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lọ sílẹ̀, kò jọ ohùn àkọ́kọ́: “Ṣé ẹ ti jẹun?”

N kò tíì jẹun, ṣùgbọ́n mo ní mo ti jẹ. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ, tí mò ń gbé wọn bọ̀. Ó ní kí n má wá. Ó béèrè bóyá mo ti jẹun. Dáyọ̀ ń retí èsì mi, ìyá rẹ̀ sì ti ń di ẹrù. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ, ẹ̀yin tí ọmọ ti bá bínú rí, ẹ jọ̀wọ́, nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, èwo ni kí n dáhùn?